Òfin Tí Mo Ṣe Nípàdé Àwọn Òbí

Òjò ti ṣú láti ìdájí ọjọ́ náà, kò sì rọ̀. Atẹ́gùn ò fẹ́. Ooru mú débi pé àwọn adìẹ mi ò kúrò lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Bí mo ṣe ń wẹ ọmọ ọmọ mi fún iléèwé, ojú ọ̀run ni mò ń wò. Páànù ni wọ́n fi bo gbọ̀ngàn iléèwé wọn lójú ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá. Bí òjò bá ń rọ̀ lé e, ẹni tó jókòó tì ọ́ ò ní gbọ́ ohun tí ò ń sọ. A sì ní ìpàdé òbí láàárọ̀ yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kó wa jọ. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kó òkúta ló ń gba títì iwájú iléèwé, wọn kì í sì í dúró fún ọmọ. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ọ̀kan sáré kọjá níwájú ọmọ ọmọ mi, atẹ́gùn rẹ̀ gbé e ṣubú. Ọ̀nà kan wà lẹ́yìn iléèwé tí kò kan títì rárá, àmọ́ inú oko bàbá kan ló gbà kọjá. Bàbá náà ti fi ẹ̀ka igi dí i, nítorí àwọn ọmọ ń tẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ṣèlérí pé òun á wá bá wa nípàdé, kí a jọ sọ ọ́.

Èmi ni alága. N kò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n wọ́n ní n kì í tètè bínú, ni wọ́n bá gbé agogo lé mi lọ́wọ́.

Nítorí òjò tó ń bọ̀, mo ṣòfin. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá pẹ́ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ kú ìjókòó o." Gbogbo ilé á dáhùn, wọ́n á béèrè ará ilé rẹ̀, wọ́n á sún fún un, ọ̀rọ̀ á sì ti bọ́ lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́. Mo ní lónìí, ẹni tó bá pẹ́ kó wọlé kó jókòó. Bó bá kí wa, kí ẹnikẹ́ni má dáhùn.

"Màmá, ẹ ti fẹ́ sọ wá dòyìnbó," ni aránṣọ kan wí.

"Òyìnbó tó yára sàn ju Ẹ̀gbá tí òjò pa lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara ò rọ ẹnikẹ́ni. Ojú fèrèsé ni wọ́n ń wò. Aránṣọ dìde, ó ní ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ yúnífọ́ọ̀mù. Mo lu agogo. Mẹkáníìkì kan tó ní ọmọ níbẹ̀ ní kí á kúkú lọ gé ẹ̀ka igi bàbá yẹn dànù.

"Ìwọ lo fẹ́ gé e?" ni aránṣọ bi í. "Ìwọ tí jẹnẹrétọ̀ mi ti wà lọ́dọ̀ rẹ látọdún Kérésì!"

"Èyí tó ti kú kẹ́ ẹ tó gbé e dé ńkọ́?"

Ilé dàrú. Mo lu agogo títí, wọn ò gbọ́. Mo lọ dúró láàárín àwọn méjèèjì, mo kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Ààrá sán lókèèrè.

"Ẹ kú ìjókòó o," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn mi.

Kò sẹ́ni tó fọhùn.

"Mo ní ẹ kú ìjókòó o."

N kò wẹ̀yìn. Mo ní, "Ẹni tó pẹ́ kó wábi jókòó!"

Nígbà tí mo fi máa yíjú, ẹ̀yìn bàbá arúgbó kan ni mo rí tó ń jáde lọ. Ọ̀gá iléèwé ká ọwọ́ lérí: "Màmá, bàbá olóko nìyẹn o!"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ̀ sọ fún mi?" ni mo bi àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀yin lẹ ní ká má dáhùn."

Mo sáré tẹ̀ lé e bí ẹsẹ̀ àgbà ti lè sáré mọ. Òjò já lu ilẹ̀ kí n tó lè bá a. Ìpàdé tú ká láìṣàdúrà ìparí. Títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò lè jókòó síbì kan. Mo ń dìde, mo ń ṣílẹ̀kùn, mo ń padà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó kọ̀ láti dáhùn nígbà tí àgbà bá kí i ti sọ pé ìjà wà nílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ, mo ti wà lóko bàbá náà. Ó ń tún ebè tí òjò wó kọ. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú òjò àná."

Kò dáhùn. Mo tún kí i. Ó ń kọbè lọ.

"Àwọn kọ́ ni, bàbá. Èmi ni mo ní kí wọ́n má dáhùn. Mò ń kánjú nítorí òjò."

Ó gbára lé ọkọ́. "Ìkánjú náà ni àwọn ọmọ yín fi ń tẹ ẹ̀gẹ́ mi mọ́lẹ̀."

Ó wo orúnkún mi nílẹ̀, ó ní, "Dìde ńlẹ̀, ilẹ̀ tutù. Bí àgbà kan bá ń kó wọn kọjá láràárọ̀, tí wọn ò tẹ ebè, mo lè ṣí ọ̀nà náà."

"Màá kó wọn."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti òní."

Mo yára lọ sí ìkóríta tí àwọn ọmọ máa ń gbà lọ síléèwé, mo kó àwọn ọmọ tí mo bá níbẹ̀ kúrò létí títì. Mo fi ọmọ ọmọ mi síwájú, mo ní kí wọ́n tò lẹ́yìn ara wọn wọ inú oko bàbá náà. Ẹrẹ̀ gbé bàtà mi, n kò dúró yọ ọ́. Mò ń pariwo sẹ́ni tó wà lẹ́yìn pátápátá pé àárín ebè méjì ni kó máa gbà.