Ohun Tí Sadae Gbé Sórí Òṣùwọ̀n

Àdúgbò wa ní Osaka kò tíì gbàgbé ọjọ́ tí Kuramoto Sadae gbé òṣùwọ̀n wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ. Ewé òkun gbígbẹ, èyí tí a fi ń se omi ọbẹ̀, ni ó ń tà. Ó gbé kọ̀ǹpútà kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lé òṣùwọ̀n náà.

"Èló?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin yẹ́nì, Màmá."

"Ewé òkun mi tó dára jù, ìwọ̀n yìí ò ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ. Ó sì tún ń dùn lọ́bẹ̀."

"Màmá, a kì í jẹ èyí."

"Ìdí tó fi yẹ kó dínkù nìyẹn."

Morishige, ọkùnrin tó ń tajà náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Tokyo dé ni. Lọ́hùn-ún, wọn kì í ná ọjà. "Ẹ wò ó, wọ́n ti kọ iye rẹ̀ sí i."

"Ẹni tó kọ ọ́ ló lè pa á rẹ́."

Sadae padà lọ ní ọjọ́ kejì. Morishige yangàn pé ẹ̀rọ náà lè tọ́jú ẹgbẹ̀rún orúkọ.

"Ẹgbẹ̀rún? Mi ò tíì rí ọgọ́rùn-ún èèyàn tí mo fẹ́ rántí. Yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún kúrò, kí o yọ owó wọn."

Ní ọjọ́ kẹta, ó rẹ Morishige. "Màmá, ta lẹ fẹ́ rà á fún gan-an?"

Sadae wo ilẹ̀, ó wá sọ ọ́. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn lẹ́nu Eikichi, ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ ọkùnrin náà ń gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó lè ka ohun tó bá fi gègé kọ.

Morishige fa ẹ̀rọ náà mọ́ra. Ó tẹ bọ́tìnnì díẹ̀. Orúkọ Sadae yọ lójú gíláàsì ẹ̀rọ náà, ó mọ́ rekete. Sadae la ẹnu, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Morishige yọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún kúrò.

Ìgbà náà ni ohùn Sadae padà: "Bátìrì ńkọ́? Èènì mi dà?"

Nílé, Eikichi fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ ẹ́ títí ife tíì tó wà níwájú rẹ̀ fi tutù. *Èló ni?* Sadae sọ fún un. Ó tún tẹ̀ ẹ́. *Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ.*

Sadae sá jáde sáàárín wa. "Ẹ wá wò ó! Ó ń bú mi!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. A pagbo yí ohun kékeré náà ká. Ọkùnrin tí a ti ń dárò láàyè ni ó ń sọ̀rọ̀ yẹn.

Ọdún mẹ́fà gbáko ni àwọn méjèèjì fi jà lójú gíláàsì yẹn, lórí iyọ̀, lórí fèrèsé, lórí ta ló ń han-run. Sadae kú ní ìgbà òtútù tó kọjá.

Morishige wá bá wa nílé wọn, ó tan tùràrí fún un níwájú pẹpẹ. Ó rọra béèrè pé, "Bàbá, ṣé ó tó owó tí ẹ san?"

Eikichi tẹ̀ ẹ́, ó pẹ́. Kì í ṣe Morishige ni ó kọjú gíláàsì náà sí. Àwòrán Sadae lórí pẹpẹ ni.

*Sadae, dá a lóhùn.*

Gbogbo wa kọjú sí àwòrán náà, à ń retí.