Adìyẹ Mi Tó Wọ Inú Wáyà Orogún Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkirè, owú adìyẹ ni mo kọ́kọ́ jẹ kí n tó dàgbà mọ owú ọkọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí ni kò mọ̀ bó ṣe ń ta èèyàn lára.

Ọdún kan ni kòkó so wọ̀ǹtìwọnti, ni bàbá mi bá ra wáyà tí wọ́n hun bí àwọ̀n bọ̀ láti Ìbàdàn. Gbogbo àdúgbò wá wò ó. Wọ́n fi yí ọgbà adìyẹ ká lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì fi bo òkè rẹ̀. Ọgbà ta ni? Ti ìyàwó kékeré ni o! Ìyá mi, ìyálé ilé, tí wọ́n bá bàbá mi ṣán igbó oko kòkó náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àgò lásán ni tiwọn. Nígbà tí wọ́n béèrè, bàbá mi ní, "Ìwọ ni àgbà, ṣe sùúrù." Wọ́n ṣe sùúrù. Èmi ò ṣe.

Ẹ ó máa gbọ́ tí mo ń pe ìyàwó kékeré náà ní "ó". Mo mọ̀ pé ó tó ìyá fún mi, ṣùgbọ́n títí di òní, "wọ́n" kò yá mi lẹ́nu fún un.

Èmi náà ní adìyẹ kan. Ìyá ìyá mi ní Àpòmù ló fún mi ní àgbàsìn: tó bá pamọ, tí ọmọ sì yè, a ó jọ pín in. Èyí tó bá kàn mí ni yóò jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí màá ní láyé, tí kì í ṣe pé ẹ̀gbọ́n mi lò ó gbó kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Adìyẹ pamọ lóòótọ́. Àwòdì náà sì dé. Èyí tí àwòdì kò bá gbé lọ́sàn-án, ẹtà á gbé e lóru. Ìyá mi á máa ṣépè tẹ̀lé wọn, ṣùgbọ́n àwòdì jẹun èpè sanra ni. Ìyàwó kékeré á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà rẹ̀, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyálé mi. Ẹ ò bá kúkú máa kó wọn pa mọ́." Ká kó wọn pa mọ́ síbo?

Ó wá ku ọmọ kan ṣoṣo. Ìyá mi gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń rẹ aṣọ láró, wọ́n bá mi pa á láró, torí wọ́n ní àwòdì kì í mọ òròmọdìyẹ aláró sí ohun jíjẹ. Àwòdì kò sì mọ̀ ọ́n. Àṣé ìyá rẹ̀ náà kò ní mọ̀ ọ́n mọ́! Bó bá ti sún mọ́ ọn, á fẹnu ṣá a, á lé e dànù. Òròmọdìyẹ mi ké káàkiri títí, ó bá gba ihò wáyà wọlé tọ adìyẹ ìyàwó kékeré lọ, ìyẹn sì na ìyẹ́ bò ó.

Mo ní kí ó gbé e fún mi. Ó ní kí n jẹ́ kó dàgbà díẹ̀. Ó dàgbà, ìyẹ́ aláró re dànù, ìyẹ́ pupa hù dípò rẹ̀, ó sì ti tóbi ju ihò wáyà lọ. Nígbà tí ìyá mi lọ béèrè, ó ní, "Ẹ ní aláró lẹ ń wá, ìyálé mi. Ẹ wò ó dáadáa, èwo ni aláró níbí?"

Mo figbe ta débi pé bàbá mi fi oúnjẹ sílẹ̀ jáde. Wọ́n ní, "Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ọgbà nírọ̀lẹ́. Adìyẹ mọ ilé rẹ̀. Ẹni tó bá wọ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ni ín." Bí wọ́n ṣe máa ń parí ìjà adìyẹ nílé wa nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè yẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo da àgbàdo sẹ́nu àgò mi, ìyá mi sì lúgọ sẹ́yìn mi. Adìyẹ mi jáde. Ó rìn wá, ó ṣa àgbàdo mi jẹ, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ó gbójú sókè, ó wo òfuurufú. Ló bá yíjú padà, ó wọ inú wáyà lọ.

Ìyàwó kékeré pàtẹ́wọ́. Mo he òkò láti fi lu adìyẹ náà pa, ìyá mi ló dì mí lọ́wọ́ mú. Wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀. Ká ní èmi ni adìyẹ, ibẹ̀ náà ni ǹ bá wọ̀." Mo wo ojú wọn, ó kún fún omi. Àṣé èmi nìkan kọ́ ni mò ń jowú nínú ilé náà.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Wáyà tí àwọn èèyàn ń rọ́ wá wò nígbà náà, ta ló tún ń wò ó? Ọmọ mi ọkùnrin ti fi wáyà oníná yí adìyẹ mi ká lẹ́yìnkùlé níbí, oòrùn ló ń fún iná rẹ̀ lágbára. Ẹtà kan wá tọ́ ọ wò, igbe tó ké lọ́jọ́ náà, kò padà wá mọ́. Obìnrin kan ládùúgbò yìí sì wà, ojoojúmọ́ ló ń yọjú lórí ògiri wa. Á ní, "Ẹ kú oríire o, Ìyá," ojú rẹ̀ á sì máa sọ nǹkan mìíràn. Mo mọ ojú yẹn dáadáa. Ó ń dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Ohun tó kàn ń dùn mí ni pé ìyá mi kò sí láyé mọ́, ká jọ gbé àga síta, ká jọ máa wò ó bó ṣe ń jowú wa.