Ọpẹ́ Tó Dójú Ti Fáṣínà

Láti àdúgbò Mayfair títí dé Modákẹ́kẹ́, ẹni tó bá ń kọ́ ilé alájà mọ Fáṣínà. Òun ni olórí àwọn tó ń fi okùn, igi àti èjìká gbé ẹrù wíwúwo gòkè. Ogún ọdún ló ti fi ṣe é, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn ín níṣojú rẹ̀.

Lọ́dún 1994, wọ́n ń ṣe afárá kékeré kan lọ́nà Ẹdúnàbọ̀n. Ẹnjiníà tó ń darí iṣẹ́ náà sọ fún un pé kiréènì kan ń bọ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù sókè, ẹlẹ́sẹ̀ irin fífẹ̀ bíi ti katapílà, tí apá rẹ̀ ń gùn tó sì ń súnkì.

Fáṣínà rẹ́rìn-ín. "Nínú àkùrọ̀ yìí? Ẹrẹ̀ á gbé e mì."

"Bàbá, ẹ ṣáà dúró dè é."

Kì í kúkú ṣe ẹrẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Bí ẹ̀rọ yìí bá lè ṣe é, ta ni yóò tún wá òun wá?

Lọ́jọ́ tí kiréènì dé, bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí tírélà, Fáṣínà ti kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ sétí odò láti gbé òpó kọnkéré afárá náà.

Oyèlárán, ọ̀kan nínú wọn, bi í pé, "Bàbá, ṣé a ò ní dúró de ẹ̀rọ ni?"

"Ẹnjiníà ní ká máa gbé òpó náà lọ." Irọ́ ni.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e sókè, okùn yọ̀. Òpó náà já bọ́, ó tẹ ẹsẹ̀ Oyèlárán mọ́ ẹrẹ̀. Fáṣínà fúnra rẹ̀ ló sáré lọ pe kiréènì. Ẹ̀rọ náà rìn wọ inú ẹrẹ̀ lórí ẹsẹ̀ fífẹ̀ rẹ̀, kò rì, ẹnikẹ́ni kò sì tẹ́ pákó fún un. Ó na apá gígùn, ó gbé òpó náà sókè jẹ́jẹ́, ó sì gbé e rìn kúrò níbẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ẹ̀sín kọ́ ló bá Fáṣínà nílé ìwòsàn, ọpẹ́ ni. Yéjídé, ìyàwó Oyèlárán, kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Ọkọ mi ní ẹ̀yin lẹ sáré lọ pe ẹ̀rọ. Ó ní kò sí ọ̀gá bíi tiyín."

Ẹnjiníà, tó mọ̀ pé òun kò pàṣẹ kankan, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń wo Fáṣínà. Ìtìjú bo Fáṣínà. Ó la ẹnu láti jẹ́wọ́.

"Ọlọ́run ló ṣe é," ló sọ.

Yéjídé ní àmín.