Kókó tí mo so sí wáyà

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ ọmọ mi. Má fi nǹkan kún un.

Àbúrò mi ọkùnrin ló máa ń tú télé, ìyẹn tẹlifíṣọ̀n, palẹ̀ níwájú ilé wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí. Kò kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀, ó kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni. Tí a bá ti oko iṣu dé, ìdí télé ló ń jókòó sí.

Ó ní wáyà kan tó gé láàárín, ó wá so àǹpúlù, gílóòbù iná, sójú ibi tó gé. Kùráǹ, iná mànàmáná, tó bá fẹ́ wọ télé, inú àǹpúlù yẹn ló máa gbà, kí agbára ẹ̀ má baà pọ̀ jù.

Mo bi í pé, "Àǹpúlù tó ń tàn lọ́sàn-án gangan, ṣé oòrùn ò tó ẹ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Okùn ọrùn ewúrẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Tí ẹ bá tú u, ewúrẹ́ á jẹ iṣu yín tán."

Lọ́jọ́ kan, kùráǹ lọ. Àbúrò mi náà lọ sí àdúgbò Boni. Àǹpúlù yàrá ìyàwó mi ti jó, ara rẹ̀ ò sì yá. Mo yọ ti àbúrò mi fi sí i. Mo wá so ojú wáyà méjèèjì tó gé pọ̀, bí a ṣe ń fi okùn so iṣu mọ́ igi. Mo rò pé mo bá a tún un ṣe ni. Mi ò sọ fún un. Nílé tiwa, ẹ̀gbọ́n kì í tọrọ lọ́wọ́ àbúrò, mímú ló ń mú.

Àbúrò mi dé, ó tẹjú mọ́ inú télé. Kò wo wáyà. Kùráǹ dé. Nǹkan bú gbàù nínú télé, ó fọ́n sí i lójú.

Ojú méjèèjì ló lọ. Àwọn ará ilé ní télé yẹn ló burú. Mo dákẹ́.

Ìyàwó mi ti kú báyìí. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, àbúrò mi pè mí sábẹ́ igi kajú. Wáyà yẹn wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń fi ìka wá kókó ara ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kókó okùn iṣu nìyí."

"Hùn. Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ tí mo ti òpítà tí wọ́n ti tọ́jú ojú mi dé. Ẹ bá mi tú u."

Kókó yẹn, a kì í tú u lóko, ńṣe là ń gé e. Mo ní kí n mú ọ̀bẹ wá.

"Rárá. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi tú u."

Èékánná mi ò lágbára mọ́. Láràárọ̀ ni mò ń lọ jókòó tì í. Kókó náà ò tíì tú.