Obìnrin Tó Ń Wọ̀n Mí Lọ́dọọdún

Ìgbà tí mo ṣì kéré ní Bantè, bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iṣu tuntun ni obìnrin kan máa ń wá sílé wa. Màdáámù la ń pè é; ìwádìí ló ń ṣe nípa bí àwọn ọmọdé ṣe ń dàgbà. Yóò ní kí n fara ti ògiri, yóò wọ̀n bí mo ṣe ga tó, yóò sì na àwòrán sí mi kí n sọ ohun tí mo rí. Òórùn iyán gbígbóná ni kì í jẹ́ kí n pọkàn pọ̀.

Ohun tí kò yé mi ni ti àwọn ọmọ Ìyá Sàlámì, aládùúgbò wa. Mẹ́ta ni wọ́n. Rukáyà, èyí àgbà, ti ń gún iyán fún gbogbo ilé, àbíkẹ́yìn ò tíì lè wọ ṣòkòtò fúnra rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni Màdáámù bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìbéèrè, kò sì padà bá wọn mọ́. Èmi nìkan ni mò ń tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀, nílé ìwé wa, ọmọ tó bá fìdí rẹmi ló ń tún kíláàsì ṣe!

Ní ọdún kẹrin, mo lọ bi Rukáyà ní ohun tó sọ. Ó ní ìyá tí ọmọ rẹ̀ rìnrìn àjò ló wà nínú àwòrán, pé ó ń sunkún. Ewúrẹ́ ẹ̀yìn obìnrin náà ni èmi máa ń rí ní tèmi. Nígbà tí Màdáámù dé, mo ka èsì Rukáyà fún un. Kò kọ ọ́ sílẹ̀.

“Ṣé ohun tí ìwọ rí nìyẹn?”

Mo bú sẹ́kún. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò fẹ́ tún un ṣe mọ́.”

“Ọmọ mi, o ò fìdí rẹmi. Àwọn yẹn, mo fi kékeré wọn wé àgbà lọ́jọ́ kan náà. Ìwọ, ara rẹ ni mò ń fi wé ara rẹ, bí o ṣe ń dàgbà.”

Èyí tún wá rú mi lójú. Èmi kan náà kọ́ ni? Ìyá mi ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbọ́wọ́ sókè, nítorí irọ́ tí mo pa fún àlejò.

A kó lọ sí Savalou lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Màdáámù ò sì rí wa mọ́.

Àwọn ọmọ òde òní ń ṣí fóònù wo ara wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ń rá. Àwa ò ní fọ́tò; inú ìwé Màdáámù nìkan ni bí mo ṣe dàgbà wà. Ọmọbìnrin mi máa ń bi mí bóyá mo jọ òun nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò mọ̀.