Ẹni Tí Fèrè-Ọkọ̀ Ń Wá

Ohùn ni Ọlọ́run fi ta Fèrè-Ọkọ̀ lọ́rẹ, kò sì fi nǹkan mìíràn kún un. Ó kúrú, ó pá lórí, ṣùgbọ́n bó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà kóòtù tó la ẹnu, àwọn apẹja tó wà lójú agbami á gbọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: kí ó pe orúkọ ẹlẹ́jọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tí a bá pè tí kò jẹ́, ohun tí onídùúró rẹ̀ fi dúró fún un di ti ìjọba. Òun kan náà ló ń mú ìwé àṣẹ kiri láti wá àwọn tí kò san owó ìtanràn, nítorí ìlú Ans Mango kéré, ìjọba ò sì ní gba èèyàn méjì síṣẹ́ tí ẹnìkan lè ṣe.

Ní etíkun Sẹ́ńtì Lúsíà, kò sẹ́ni tí kò ní ìnagijẹ. Orúkọ ìsàmì wà nínú ìwé àlùfáà, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé. Nígbà adájọ́ àtijọ́, Fèrè-Ọkọ̀ a máa pe kálukú bí ìlú ṣe ń pè é, wọ́n á sì sáré wọlé. Ìgbà tí adájọ́ tuntun, Màdáámù Fontenelle, dé láti Castries, olú-ìlú, ni nǹkan yí padà. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ jókòó, ó gbọ́ tí wọ́n ń ké "Ìdí-Adìẹ" nínú kóòtù òun, inú bí i. Ó ní orúkọ inú ìwé nìkan ni kí Fèrè-Ọkọ̀ máa pè, kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un.

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ẹjọ́ kan ọkùnrin kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Gbẹ̀rẹ́fùtù. Ó bú ọlọ́pàá lójú títì, èébú tí kò ṣeé kọ sílẹ̀. Tantí Eudoxie, opó tó múlé tì í, ló fi ọkọ̀ ìpẹja tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ dúró fún un, ọkọ̀ yẹn náà ló sì ń bọ́ ìyá yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ́ Gbẹ̀rẹ́fùtù wá láàárọ̀, ó wá wọlé lọ jókòó. Gbẹ̀rẹ́fùtù ní ebi ń pa òun, ó dúró sábẹ́ igi fúrúùtù níta, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹja oníyọ̀.

"Athanase Polius!" ni Fèrè-Ọkọ̀ ké. Gbẹ̀rẹ́fùtù ń jẹun lọ.

Ó ké e lẹ́ẹ̀kejì, ó ń ṣẹ́jú sí i, ó ń fi àgbọ̀n júwe rẹ̀. Gbẹ̀rẹ́fùtù bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnìkan wà níbẹ̀, ó wá yíjú sí obìnrin tó ta oúnjẹ fún un.

"Ẹ ò rí aláìnítìjú," ló wí. "Ó gba onídùúró tán, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Onídùúró yẹn ló ń ṣe mí láàánú."

Nínú kóòtù, Tantí Eudoxie náà ń mi orí, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó bá ṣe irú èyí kò ní í rí rere.

Fèrè-Ọkọ̀ yíjú wo inú kóòtù. Ó rí i tí Màdáámù ti gbé kálàmù. Ó ro ọkọ̀ opó, ó ro iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì dùn ún wọra. Ó fẹ̀ àyà.

"Gbẹ̀rẹ́fùtù o!"

"Ta nìyẹn? Ṣé ẹ ò rí i pé mò ń jẹun ni?"

Tòun ti abọ́ ni wọ́n wọ́ ọ wọlé. Ó gba ìtanràn tirẹ̀, ó san án, ọkọ̀ Tantí Eudoxie sì bọ́. Ìgbà náà ni Màdáámù kọjú sí Fèrè-Ọkọ̀. Ó ní ó ti rú àṣẹ kóòtù, yóò san owó ìtanràn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí òun ń dá lẹ́jọ́ láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ pè é bó ti yẹ. Ó na ìwé sí i pé kó lọ pe Hyacinthe Mondésir. Fèrè-Ọkọ̀ ní láti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó rántí pé òun ni.

Ó jáde. Ó pe ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń dẹtí sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó padà wọlé, ó tẹríba.

"Mo pè é, Màdáámù. Kò dáhùn."

Màdáámù gbé orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó máa gbé e sókè, omi ẹ̀rín ti lé sí i lójú. Ó buwọ́ lu ìwé pé kí wọ́n lọ mú Hyacinthe Mondésir wá, ó sì fi lé ẹni tó ń mú ìwé àṣẹ kiri lọ́wọ́.

Fèrè-Ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ojúlé dé ojúlé ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ náà rí. Nígbà tó yá, ó kan ilé Tantí Eudoxie.

"Tantí, ṣé ẹ mọ ẹnìkan tó ń jẹ́ Hyacinthe Mondésir?"

Ìyá náà wò ó látòkè délẹ̀. "N ò mọ̀ ọ́n rí. Kí ló ṣe?"

"Wọ́n ní ó rú òfin kóòtù."

"Jókòó, Fèrè-Ọkọ̀ mi," ni ìyá náà wí, ó sì bu ẹja síwájú rẹ̀. "Bó bá gba ibí kọjá, màá ké sí ọ."