Gàníyù Tó Dọ̀bálẹ̀ Lójú Òṣùpá

Títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ Gàníyù wẹ́dà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọjọ́ tó gbé ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Táǹkì omi àlòkù ló fi ṣe ọkọ̀ náà. Ó jó apá méjì mọ́ ọn, ó dì í sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó kọrí sí ibi tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ ya ọ̀kan nínú àwọn fíìmù apanilẹ́rìn-ín tó máa ń ṣe. Ọlọ́pàá dá wọn dúró.

"Kí lẹ gbé, bàbá?"

"Ọkọ̀ tó ń lọ sí òṣùpá ni."

"Ìwé ọkọ̀ náà dà?"

Gàníyù ní kí ọ̀gá má bínú, òun ò tíì mọ ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ti òṣùpá. Ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ nílé, Ràmọ́tà ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé, ṣé fíìmù ọkọ òun ló ń dùn mọ́ àwọn èèyàn ni, àbí ọkọ òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín? Ẹ̀rù ìdáhùn kò jẹ́ kó wo ọ̀kankan nínú àwọn fíìmù náà rí.

"Bàbá Saifu, nínú fíìmù àwọn òyìnbó, wọ́n ń bára wọn jagun láàárín ìràwọ̀, ẹ̀yin ń fi táǹkì ṣeré."

"Tiwọn ló jẹ́ kí n máa ṣe tèmi. Nínú tiwọn, ọmọdé á dé òṣùpá, á bá àgbà níbẹ̀, kò ní kí i. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, Ìyá Saifu."

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ ikú Gàníyù, Ràmọ́tà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Díákónì Josiah, ọ̀rẹ́ olóògbé, nílé rẹ̀ nítòsí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Josiah yìí ló máa ń ṣe baálẹ̀ òṣùpá nínú gbogbo fíìmù náà. Ó ti ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, àdúgbò ti pé jọ láti wo fíìmù tí Gàníyù ṣe gbẹ̀yìn. Ojú ti Ràmọ́tà láti kúrò níbẹ̀, ló bá jókòó.

Nínú fíìmù náà, Gàníyù jáde nínú táǹkì, ó rí baálẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Àmọ́ nǹkan kì í wúwo lójú òṣùpá. Bí àyà rẹ̀ bá ti fẹ́ kanlẹ̀, á tún léfòó sókè. Ó gbìyànjú títí.

"Ẹ má bínú, bàbá. Wọ́n kọ́ mi nílé. Ilẹ̀ yín ni ò gbà mí."

Ẹ̀rín gba gbogbo agbo. Ràmọ́tà fẹnu sétí ìyá àgbà tó jókòó tì í. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín gan-an?"

Ìyá náà nu ojú. "Ó dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ìkíni ló kọ́kọ́ rántí. Ta ni ò ní fẹ́ràn irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

Ọkàn Ràmọ́tà balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún wọ̀nyí. Lórí aṣọ, ọkọ rẹ̀ ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń juwọ́. Ràmọ́tà rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó rọra kúnlẹ̀ níwájú àga rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìnàjò, Bàbá Saifu."